Ta Ló Ń Mu Iná Ọkọ̀ Pupa Náà?

Eyín ló wà lórí bátìrì náà.

Rìwáyà, ọkùnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ló kọ́kọ́ rí i. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìdérí iwájú ọkọ̀, ó fi ìka tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú tọ́ka sí orí òjé méjì tí wáyà máa ń dì mọ́. Òjé náà ti ha, ó ti bó, ó rí wúruwùru bí eegun tí ajá jẹ tì.

"Ẹ rí i, Màmá? Ẹnu irin ló bù ú jẹ. Ẹnìkan ń fi wáyà eléyín há a lórí, ó ń fa iná inú rẹ̀ lọ. Ṣebí mo ti sọ fún yín kí n tó ṣí i?"

"O ní eku ni kí o tó ṣí i."

"Èèyàn tó bá ń jí iná lábẹ́ òkùnkùn, kí ló fi yàtọ̀ sí eku?"

Obìnrin ọlọ́pàá tó dúró tì í kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, àwọn ọ̀daràn gan-an ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Kì í pariwo, kì í gbá èèyàn létí. Á kàn sọ pé "pẹ̀lẹ́", bí ẹni ń kí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ìbéèrè tó bá sì tẹ̀lé pẹ̀lẹ́ yẹn, òpùrọ́ á ti máa làágùn kó tó gbọ́ ọ tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ó wù ú kí ẹnìkan kí òun náà ní pẹ̀lẹ́. Ó ti ń wá ohun tó máa gba ọkùnrin kan sílẹ̀ láti àárọ̀. Ohun tó rí nìyí, ó sì jọ pé òkùn ọrùn ọkùnrin náà ni.

Ọkọ̀ náà wà níwájú wọn nínú gáràjì tóóró. Ọkọ̀ asáré ni, ó pupa, ó rẹlẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré, ó lúgọ bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ nǹkan. Ayàwòrán-ilé kan ló ni ín. Ó ti ń lálàá irú rẹ̀ láti kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ikọ́ fée dí ọkùnrin náà léèémí, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ ọ wọnú ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó jí i. Ọkọ̀ ṣe kẹ́. Ó dákẹ́. Kí wọ́n tó rí aládùúgbò tó gbé wọn, ètè ayàwòrán-ilé ti dúdú bí aró. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ló ń bá a mí ní ọsibítù.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí bátìrì kú nìyẹn. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀. Tuntun náà á sùn láyọ̀, á jí ní òkú.

Àbúrò kan ṣoṣo ni ayàwòrán-ilé ní, ọ̀dọ́kùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tẹ́lọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́lọ̀ ló wà ní àhámọ́. Nọ́ọ̀sì fojú ara rẹ̀ rí i tó yọ́ jáde nínú gáràjì ní ìdájí ọjọ́ tó ṣáájú àìsàn náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti jà lójú gbogbo ilé nítorí Tẹ́lọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ náà dé ìgun òpópónà. Ẹ̀gbọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fi ìdí òfìfo jókòó sínú làálàá òun. Àbúrò búra pé òun ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà láéláé, ó sì pariwo pé, "Á kú mọ́ ọ lọ́wọ́!"

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá ti sọ tirẹ̀ láàárọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò sí ọ̀rọ̀ míràn, òun á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á gbé Tẹ́lọ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n pé ó gbìyànjú láti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ayàwòrán-ilé bá sì kú, kò ní jẹ́ ìgbìyànjú mọ́.

Ìyá àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó lórí ike omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́nu gáràjì. Kò sunkún. Ó ti sunkún tán.

"Ìyá ọlọ́pàá," ó ní, "ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ò lè mí, ọ̀kan ò lè jáde. Èwo ni kí n lọ dúró tì?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ nawọ́ sí i, ó gbé e dìde. Ó ní, "Ẹ mú mi dé ṣọ́ọ̀bù Tẹ́lọ̀."

*

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà, lẹ́yìn ilé. Aṣọ tí kò tíì lápá rọ̀ sára ògiri bí èèyàn tó ń dúró de kí wọ́n parí òun. Ẹ̀rọ ìránṣọ olẹ́sẹ̀ wà lẹ́nu fèrèsé. Lábẹ́ tábìlì ìlọṣọ, nínú àjákù aṣọ tí wọ́n ká mọ́ ọn dáadáa, wọ́n rí àpótí irin kékeré kan tí wáyà méjì so mọ́, pupa kan, dúdú kan. Ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan ní eyín.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ mú ọṣẹ pẹlẹbẹ tí Tẹ́lọ̀ fi ń fa ìlà sára aṣọ, ó jẹ́ kí wáyà pupa bù ú jẹ. Ó gbé ọṣẹ náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Eyín inú ọṣẹ àti eyín orí òjé bára mu. Kódà, eyín kan tó kán ní igun kán síbi kan náà nínú méjèèjì.

"Ó parí," Rìwáyà sọ, kò sì sí ayọ̀ nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

Ìyá Tẹ́lọ̀ tó tẹ̀lé wọn di férémù ilẹ̀kùn mú. "Kò ṣe é," ó ní. "Ẹ̀yin ẹ wò mí lójú. Mo ní kò ṣe é!"

*

Nígbà tí wọ́n ti Tẹ́lọ̀ mọ́lé, wọ́n bọ́ téèpù tó fi ń wọn èèyàn kúrò lọ́rùn rẹ̀ kó má baà fi para rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbà gbọ́. Léraléra ló ń lọ sí ọrùn, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé àpótí àti wáyà kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀gá fara ti ilẹ̀kùn, ó ká apá mọ́ àyà.

"Pẹ̀lẹ́," Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní. "Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

"O fi há bátìrì ẹ̀gbọ́n ẹ?"

"Mo fi há a."

"Ó tán!" Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá Pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i, kí gbogbo wa ríbi sinmi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kó mí." Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ Tẹ́lọ̀. "Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ, kí lo fi ń yí i?"

Tẹ́lọ̀ gbójú sókè. "Ẹsẹ̀."

"Áyọ́ọ̀nù ń kọ́?"

"Eléèédú ni."

"Ìwọ tí o ò ní ohun tó ń jẹ iná, kí lo wá fẹ́ fi iná ọkọ̀ ṣe?"

"Ibi ló fẹ́ ṣe!" Ọ̀gá dá sí i. "Ṣé ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ èèyàn tún nílò ìdí míràn ni?"

"Kò nílò. Ṣùgbọ́n á nílò irinṣẹ́ tó yẹ." Ó yí àpótí náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáyà kẹta ti jáde, ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń tì bọ ihò iná lára ògiri. "Ọ̀gá, bí a bá fẹ́ fa omi nínú kànga, ṣé a máa ń gbé omi dání lọ ni? Ohun tó ń gba iná lára ògiri rèé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, eyín rẹ̀ ló ń gbà jáde." Ó yíjú sí Tẹ́lọ̀. "O ò fa nǹkan kan. Ò ń fi sí i ni."

Ọwọ́ Tẹ́lọ̀ lọ sí ọrùn, ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ wú bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń sunkún.

"Láti ìgbà tí bátìrì kejì ti kú," ó ní. "Ní ìdájí, kí wọ́n tó jí. Ìdérí iwájú ọkọ̀ yẹn kì í tì dáadáa, ọwọ́ lásán la fi ń ṣí i. Màá há a fún un, màá jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn títí bátìrì á fi ní agbára díẹ̀, màá yọ ọ́, màá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi á jáde, á tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ á dún. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ṣé kí n sọ fún un pé èmi tí mo búra lójú ìyá wa ni mò ń jí wọ gáràjì lójoojúmọ́? Á fi mí rẹ́rìn-ín títí ayé. Ìgbà tí ẹ sì wá mú mi, wáyà wà lábẹ́ tábìlì mi. Ta ló máa gbà mí gbọ́?"

"Ṣé o há a láàárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn dé?"

Tẹ́lọ̀ fi ìka ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó wa rí mi ní ìdájí ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní bí òun bá tún rí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀, ọlọ́pàá ló máa wá gbé mi. Mo ní ó dáa. Ní ìdájí kejì, mo jí, mo wo àpótí, mo ní kí n má lọ, kí gbogbo wọn fẹsẹ̀ rìn. Mo yíjú sí ògiri." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. "Ìdájí kan ṣoṣo tí mi ò lọ nìyẹn, Màmá. Ẹ wò ó, bóyá kí ẹ kúkú máa gbé mi lọ."

Ọ̀gá wú ikọ́, ó wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò rọ̀. "Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n bí ìwọ bá ń fi sí i, ta ló ń fà á jáde? Ẹnìkan á ṣe é. Bí mi ò bá rí ẹlòmíràn, ìwọ ni mo rí."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ò tíì dìde. "Tẹ́lọ̀, iná aláwọ̀ ewéko kékeré tó wà lójú àpótí yìí, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Bí bátìrì bá yó ló ń tàn. Ó máa ń pẹ́." Ó fi ìka kan ojú àpótí. "Àfi àwọn ọjọ́ míràn. Ọjọ́ míràn, bí mo bá ṣe há a báyìí ni iná ewéko ti tàn. Mi ò ní rí nǹkan ṣe. Màá kàn padà."

"Àwọn ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ tí ìyàwó wa bá lọ sùn níbi iṣẹ́."

*

Nígbà tí wọ́n padà dé gáràjì, oòrùn ti rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Rìwáyà so aago tó fi ń wọn iná mọ́ bátìrì. "Iṣẹ́ rẹ̀ ò le, Màmá. Bí ọkọ̀ bá sùn, abẹ́rẹ́ ojú aago yìí á dùbúlẹ̀. Bí nǹkan kan bá ń mu iná, abẹ́rẹ́ á dìde. Rédíò ni, mo ti mọ̀. Àwọn rédíò ọkọ̀ asáré yìí, ọ̀mùtí ni gbogbo wọn." Ó yọ fíùsì rédíò. "Ẹ wò ó! Ó ti dùbúlẹ̀!"

"Ó ti dùbúlẹ̀ kí o tó yọ ọ́."

Rìwáyà wo abẹ́rẹ́. Ó dá fíùsì padà. "A ò kúkú mọ̀."

Wọ́n dúró. Abẹ́rẹ́ ò mira. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀. Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sùn nílé, kì í ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí nílé. Ọ̀gá á ní ọ̀tá nọ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tá wo ló máa yan òru tí obìnrin náà wà nítòsí, tó lè gbọ́, láti wá ṣiṣẹ́ ibi? Ẹni tó bá gbọ́n á dúró de ìgbà tó bá jáde. Àbí ẹni náà ò mọ̀ pé òun ń ṣe é?

Géètì dún. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ró ìró, ó fi gèlè so orí gírígírí bí ẹni tí orí ń fọ́. Ó ti rù sí i láti àná.

"Màmá, ẹ lọ gbà mí ní ọsibítù," ó sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. "Mo fẹ́ wẹ̀, kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Dókítà ní lọ́la àwọn máa gbìyànjú láti yọ ẹ̀rọ yẹn, bóyá ọkọ mi á lè máa fúnra wọn mí."

"Bí kò bá lè fúnra rẹ̀ mí ń kọ́?"

Ìyá àgbà gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ike, ó jáde láì mú báàgì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló sáré gbé e tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà, ó rí Ìyá Pẹ̀lẹ́.

"Ẹ tún wà níbí. Mo ti sọ ẹni tó ṣe é fún yín."

"Pẹ̀lẹ́, ìyá. Ìbéèrè kékeré kan ni. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí, ọwọ́ ta ló máa ń wà?"

"Ọwọ́ mi. Ọkọ mi máa ń gbàgbé nǹkan, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tí ẹ mọ̀ yẹn rí i jí. Bí ọkọ mi ò bá wa ọkọ̀, ara mi ló ń wà tọ̀sán-tòru. Bí mo bá lọ síṣẹ́ alẹ́, ó ń bá mi lọ, màá sì gbé e fún ọkọ mi láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde. Ṣé ó tán?"

Ó kọjá wọlé. Wọ́n gbọ́ omi. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá kan tó pa dé.

"Màmá," Rìwáyà sọ wẹ́rẹ́, "ẹ wá wo nǹkan."

Abẹ́rẹ́ ti dìde. Nínú ọkọ̀, iná pupa kékeré kan tàn, ó kú. Rìwáyà ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni tí wọ́n nàbọn sí. Abẹ́rẹ́ dúró díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, ó tún fò sókè.

"Iwin ni!"

"Ṣẹ́ẹ̀! Tẹ́tí sílẹ̀."

Ògiri tó wà lápá òsì ọkọ̀ kì í ṣe bíríkì. Pákó ni. Ayàwòrán-ilé ló la yàrá ńlá kan sí méjì kó lè rí ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa sùn. Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé etí lé pákó náà. Lódìkejì, igi bẹ́ẹ̀dì ké, kẹ̀ẹ̀kẹ̀. Ó wo abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ fò. Bẹ́ẹ̀dì dákẹ́, abẹ́rẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tún ké, bí ìgbà tí ẹni tí oorun kọ̀ bá yí padà. Abẹ́rẹ́ fò.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ yọ etí kúrò lára pákó. Ó ti bẹ Ọlọ́run láti àárọ̀ pé kí òun rí olè náà. Ní báyìí, ó fẹ́ kó jẹ́ pé iwin ni.

*

Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri pákó. Bẹ́ẹ̀dì náà lẹ̀ mọ́ ògiri débi pé bébà ò lè gba àárín wọn kọjá.

"Ẹ má bínú," Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Nígbà wo lẹ gbé bẹ́ẹ̀dì yìí síbí?"

"Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì jà. Bátìrì àkọ́kọ́ kú lọ́sẹ̀ yẹn, ara mi ò sì lélẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ máa gbọ́ bí ẹnikẹ́ni bá wọ gáràjì. N kì í sùn. Ìdájí ni oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń gbé mi."

"Kọ́kọ́rọ́ yẹn ń kọ́?"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀. Ní etí ìró, ó ta á ní kókó kan tó le bí òkúta. "Bí ìyá mi ṣe ń tọ́jú nǹkan rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá máa mú un, á jí mi ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí padà."

"Kí lẹ ní?"

"Ẹ yí padà bí ẹni tí oorun ò kùn."

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, ṣùgbọ́n ó yí padà. Kókó etí ìró gbá igi bẹ́ẹ̀dì, kọ́.

"Ó dìde, Màmá!" Rìwáyà kígbe láti ẹ̀yìn pákó.

Nọ́ọ̀sì jókòó dìde.

"Ó tún dìde o!"

"Kí ló dìde? Kí ló ń sọ?"

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà." Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé e jáde lọ sí ojú títì, ó padà wá láì mú un dání. Ó ní kí nọ́ọ̀sì yí bó ṣe wù ú lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yí, ó yí, igi ké.

"Ó ti sùn!" Rìwáyà sọ. "Ó ti sùn fọnfọn!"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan tó máa sọ rọrùn láti sọ, òun gan-an ló sì le.

"Kọ́kọ́rọ́ yín kì í wọ ihò. Ọkọ̀ ló ń dá a mọ̀ bó bá sún mọ́ ọn. Á rò pé ẹni tó ni òun ti dé, á jí, á tan ara rẹ̀ sílẹ̀ dè yín. Bí kọ́kọ́rọ́ ò bá mira mọ́, ọkọ̀ á padà sùn. Ṣùgbọ́n ara yín ló wà, ẹ̀yin ò sì sùn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí padà nítorí olè, ẹ̀ ń pe ọkọ̀ jí, títí tí bátìrì á fi gbẹ."

Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún. Ètè rẹ̀ mira bí ẹni tó ń ka nǹkan. "Bí mo bá lọ síṣẹ́ alẹ́..."

"Ó máa ń yó ní àárọ̀ yẹn."

"Bátìrì àkọ́kọ́ ń kọ́? Mi ò tíì gbé bẹ́ẹ̀dì síbí nígbà yẹn."

"Ó jọ pé ọjọ́ ogbó ló pa ìyẹn."

"Àwọn yòókù?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ fọwọ́ lé e léjìká.

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ wá a kiri."

"Ìṣọ́ tí ẹ̀ ń ṣọ́ ọ ni."

Ariwo tó jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì kò pọ̀. Ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n fa nǹkan yọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di apá ọlọ́pàá náà mú. "Kí wá ni Bùọ̀dá Tẹ́lọ̀ ń wá nínú gáràjì? Ó ṣáà ń wá nǹkan kan! Ẹ sọ pé ó ń wá nǹkan kan!"

"Pẹ̀lẹ́," Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní, pẹ̀lẹ́ yìí kò sì ní ìbéèrè kankan lẹ́yìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lára fèrèsé kí nọ́ọ̀sì tó lè dìde.

"Oòrùn ò ní dúró dè wá," Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní. "Bí ẹ bá fẹ́, èmi nìkan lè lọ ṣàlàyé fún ọ̀gá. Kò pọn dandan kí Tẹ́lọ̀ gbọ́ ti ìró."

Nọ́ọ̀sì ń wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀, omijé ò jẹ́ kó rí i. Ó jáde láìwọ̀ ọ́.

*

Ọ̀gá gbọ́ ọ dópin, kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìwé tó ti fẹ́ fọwọ́ sí. Rìwáyà ṣàlàyé tiẹ̀, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ lòun ti fura sí kọ́kọ́rọ́.

"Mo gbọ́. Ta wá lọ̀daràn?"

"Kò sí," Ìyá Pẹ̀lẹ́ dáhùn.

"Kí ni kí n kọ? Ṣé kí n ti bátìrì mọ́lé ni?" Ó wo nọ́ọ̀sì tó dúró láìwọ bàtà, ọ̀rọ̀ náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ya ìwé náà sí méjì. "Ẹ lọ mú un wá."

Tẹ́lọ̀ jáde sí fàráńdà àgọ́, ó ń ṣẹ́jú bíi pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù pọ̀ jù fún un. Kó tó sọ nǹkan kan, nọ́ọ̀sì ti wà lórí eékún lójú gbogbo èèyàn.

"Bùọ̀dá Tẹ́lọ̀, èmi ni."

"Dìde, ìyàwó wa. Kí lo ṣe?"

Kò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́, kò fo ọ̀kan: bẹ́ẹ̀dì, kókó etí ìró, òru tí kò sùn. Nígbà tó dé orí ìdájí tó lé e nínú gáràjì, ohùn rẹ̀ lọ, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń wo ojú Tẹ́lọ̀. Ó ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó máa ń rí ayọ̀ lójú wọn. Kò rí i lójú eléyìí.

"Èmi ni mo ṣẹ́ etí ìró yẹn fún ẹ," Tẹ́lọ̀ sọ nígbẹ̀yìn. "Mo rán an ní ìránlé méjì. O ní kó le dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dára láti gbọ́. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó dúró bẹ́ẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè-sódò. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, ó fi apá aṣọ nu ojú.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi?"

"Màmá."

"Màmá ti jẹun?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ojú títì, ó nawọ́ sí takisí kan. Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dúró tì í. Nọ́ọ̀sì ti dìde, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá kóun wá.

"Wọlé."

"Ẹ jẹ́ kí n máa rìn bọ̀ lẹ́yìn."

"Mi ò tíì forí jì ẹ́ o. Ká má tan ara wa. Mi ò mọ ìgbà tí màá forí jì ẹ́. Ṣáà wọlé, ká tó débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó wọlé. Tẹ́lọ̀ lè jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, àyè wà. Ẹ̀yìn ló wọ̀. Ó fara mọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀, obìnrin náà fara mọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀. Láti orí fàráńdà, títí ọkọ̀ fi ṣí, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń wo àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ara wọn. Ó tó kí ẹnìkan jókòó.